Wọ́n ń sọ pé “Noted ma”, iṣẹ́ kò sì yí padà

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Alhaja kan ní Súrùlérè: “Ilé oúnjẹ mẹ́ta ni mo ní, ọ̀kan ní Ọbáléńdé, ọ̀kan ní Yábàá, ọ̀kan níbí. Òṣìṣẹ́ mi jẹ́ 22. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi fídíò ẹ̀kọ́ sórí gúrúùpù WhatsApp wa: ìmọ́tótó, bí a ṣe ń tọ́jú oúnjẹ, bí a ṣe ń yẹ álẹ́ẹ̀tì wò kí oníbàárà tó lọ. Gbogbo wọn á ní ‘Noted ma’, wọn á tẹ àtàǹpàkò, ó parí. Ẹnìkan wá ń sọ fún mi pé kí n ra ìkànnì ìkẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń lò. Ṣé kí n rà á?”

Ìdáhùn

Alhaja, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ìkànnì tí ẹ bá rà, fídíò kan náà lẹ máa kó sí i, àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ló sì máa tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wọ́ ni pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń ránṣẹ́. Ẹni tó wo fídíò kò tíì kọ́ nǹkan kan. Ẹni tó ṣe é, tó fi ohun tó ṣe ránṣẹ́ padà, tí ẹnìkan sì yẹ̀ ẹ́ wò fún un, òun ló kọ́ ọ.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Láti 1885 ni Hermann Ebbinghaus ti fi hàn ní Jámánì pé ohun tí èèyàn há sórí máa ń yára fò lọ láàárín wákàtí díẹ̀ àti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní 2006, Roediger àti Karpicke ní Amẹ́ríkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan kà. Àwọn kan tún un kà. Àwọn kan pa ìwé dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó dán ara wọn wò ti kọjá wọn. “Noted ma” tí ẹ ń rí, ti ìṣẹ́jú 5 ni. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ lásìkò yẹn, ọ̀la ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù, ẹ kọ àṣìṣe mẹ́ta péré sílẹ̀, èyí tó ń ná yín lówó tàbí tó lè kó yín sí wàhálà. Kí ẹ kọ ọ́ bí ohun tí ojú lè rí. “Ìmọ́tótó” kò ṣeé rí, kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò láti Súrùlérè. “Ìrẹsì tó bá ti lé ní wákàtí 2 lórí káńtà láìsí iná lábẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé inú abọ́ oníbàárà”: ìyẹn ṣeé rí. Kí ẹ wá fi ọ̀sẹ̀ méjì ka iye ìgbà tí àṣìṣe náà ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, láìbá ẹnikẹ́ni jà, láìkéde rẹ̀. Iye yẹn lẹ máa fi mọ̀, lẹ́yìn oṣù méjì, bóyá ẹ̀kọ́ yín wọlé. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í ṣe èyí. Òun ni wọ́n fi ń náwó lórí ẹ̀kọ́ tí wọn kò sì lè sọ ohun tó mú wá.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ìrẹsì yẹn ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ìdí tó wà lẹ́yìn òfin ló máa ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ pa á mọ́ nígbà tí ọ̀gá ò bá sí níbẹ̀. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé oúnjẹ tó ti jinná kò gbọdọ̀ dúró ju wákàtí 2 lọ nínú afẹ́fẹ́ ilé lásán. Bí ó bá máa wà lórí káńtà, kó gbóná ju 60°C lọ. Bí ó bá wọ fíríìjì, kó má tó 5°C. Òṣìṣẹ́ yín á dá yín lóhùn pé, “Ṣebí a máa tún un gbé kaná ni, ma.” Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus máa ń wà nínú ìrẹsì, ó sì ní irú kóró líle kan (spore) tí iná ìdáná kì í pa tán. Tí ìrẹsì bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kòkòrò náà á jí, á máa pọ̀, á sì máa da oró tí ń múni bì sínú oúnjẹ. Gbígbé e kaná padà lè pa kòkòrò. Oró tó ti dà síbẹ̀ kò ní tìtorí iná lọ. Ọmọ tó bá gbọ́ èyí kò ní máa rò pé owó lásán ni ọ̀gá ń dààmú lé lórí.

Ó wá kan gúrúùpù. Ibi tí gáàsì ti ń tán, tí àdúrà òwúrọ̀ ti ń wọlé, tí “Happy New Month” ti ń gun ara wọn, ẹ̀kọ́ kò lè rí ibi jókòó níbẹ̀. Ẹ fi gúrúùpù yẹn sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, kí ẹ sì dá Community sílẹ̀ lórí WhatsApp. Ibi ìkéde kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé alámòójútó nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀: fídíò ẹ̀kọ́ nìkan ni kó máa wọ ibẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ ṣí gúrúùpù kékeré kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọn á ti máa fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́. Èèyàn méje tàbí mẹ́jọ máa ń sọ̀rọ̀. Èèyàn 22 á máa fara pamọ́ sẹ́yìn ara wọn. Ẹ rí i dájú pé “disappearing messages” wà ní pípa, torí bí ẹnìkan bá ti fi í sí ọjọ́ 7, ẹni tó lọ sílé bímọ máa dé bá òfìfo. Kí alámòójútó tó méjì, kí nọ́ńbà iléeṣẹ́ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí máníjà ẹ̀ka bá dá gúrúùpù sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ara rẹ̀, ọjọ́ tó bá bínú fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun ló ni gúrúùpù.

Fídíò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èyí tí ẹ ń fà jáde láti YouTube, tí àlejò ti ń fi kíṣìnnì tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ irin hàn, kò jọ ibi tí àwọn ọmọ yín ń ṣiṣẹ́. Ẹ ya tiyín, ní kíṣìnnì Ọbáléńdé gan-an. Ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ti tó, ohun kan ṣoṣo nínú fídíò kan. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ gbígbẹ nu ojú kámẹ́rà: fóònù tó bá ń gbé kíṣìnnì máa ń ní òróró lójú, gbogbo iná á sì fọ́n bí ẹni ń wo nǹkan nínú ọyẹ́. Kí ẹni tó ń yà á kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sórí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Ariwo jẹnẹrétọ̀ máa ń bo ohùn mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ ya iṣẹ́ ọwọ́ lọ́tọ̀, kí ẹ gba ohùn sílẹ̀ lọ́tọ̀ nínú mọ́tò tí ẹ ti gbogbo wíńdò rẹ̀, kí ẹ wá fi ohun èlò bíi CapCut so wọ́n pọ̀. Ẹ fi àṣìṣe hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún àkọ́kọ́, kí ẹ wá fi bó ṣe yẹ kó rí hàn, kí ìdí rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ má fi orin sí i. Èdè tí wọ́n fi ń pe ara wọn nídìí iná ni kí ẹ sọ, kí ẹlòmíì sì tún un sọ ní pijin fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ yan ìwọ̀n lásán, ẹ má yan HD, ẹ má sì fi ránṣẹ́ bíi document, torí WhatsApp kì í dín document kù. Ẹ jẹ́ kí fídíò kan má ju 10 MB lọ. Ohun tó sì ń pa ẹ̀kọ́ orí fóònù jù nílùú Èkó ni pé ta ló ń san owó dátà. Ní oṣù Kìíní 2025 ni NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún iye tí wọ́n ń gbà. Ọmọ tó ń wọkọ̀ láti Ìkòròdú wá sí Yábàá kò ní fi dátà ara rẹ̀ ṣí fídíò ọ̀gá. Ó ti pa ìgbàwọlé fídíò lórí fóònù rẹ̀, “Noted ma” ló kàn ń kọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: fídíò méjì lọ́sẹ̀ jẹ́ 20 MB, ẹ fi àwòrán àti voice note kún un, kó jẹ́ 50 MB. Lóṣù, 200 MB ni fún ẹnìkan, 4.4 GB fún gbogbo èèyàn 22. Kì í ṣe owó tó máa ba ìṣòwò jẹ́. Orí nọ́ńbà wọn ni kí ẹ ti ra dátà náà sí tààrà, ẹ má fún wọn lówó lọ́wọ́. Ẹ tún sọ fún wọn pé kí wọ́n pa “media visibility” ti gúrúùpù ẹ̀kọ́, kí fídíò má baà kún inú gálárì fóònù tí àyè rẹ̀ kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n máa dá padà ni ọkàn gbogbo ètò yìí, ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ tí fídíò ìrẹsì bá jáde, kí iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e rí báyìí: kí ẹni tó bá gbé ìrẹsì sọ̀ já téèpù bébà bí ìka méjì, kó fi báírò kọ aago sí i, 11:05, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí kúlà, kó ya àwòrán rẹ̀, kó sì fi voice note ìṣẹ́jú-àáyá 20 sọ ohun tó ṣe sí èyí tó ṣẹ́ kù ní 1:05. Ẹ gbọ́, ẹnìkan máa fi àwòrán àná ránṣẹ́, ẹlòmíì máa fi ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Kí máníjà máa sọ ọ̀rọ̀ kan láàárọ̀ tí gbogbo wọn á kọ mọ́ aago náà: lónìí “ata”, lọ́la “ṣíbí”. Ìyẹn tó. Kó tó di pé ilẹ̀ ṣú, kí máníjà dá ẹni kọ̀ọ̀kan lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó dá lórí ohun tó rí: “Aago yẹn dára, ṣùgbọ́n ìdérí rẹ kò wọlé dáadáa lápá òsì.” Àtàǹpàkò kì í ṣe èsì, yálà láti òkè tàbí láti ìsàlẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn, wọn ò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́, wọn ò sì jẹ̀bi. Ẹ yin èèyàn nínú gúrúùpù. Àṣìṣe rẹ̀, ẹ pè é sẹ́yìn kí ẹ sọ ọ́ fún un.

Àwọn kan máa ń lo poll WhatsApp bí ìdánwò. Kò dáa fún ìyẹn, nítorí gbogbo èèyàn ló ń rí ohun tí ẹlòmíì yàn. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti yàn ni gbogbo wọn máa yàn. Google Forms ni kí ẹ lò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wọ ibi ètò rẹ̀, ẹ tan “Make this a quiz”, kí máàkì jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ pa “Limit to 1 response”, torí ó máa ní kí òṣìṣẹ́ wọ Gmail rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò sì rántí ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ọmọ Ọ̀tìgbà, ọjà fóònù n’Íkẹjà, fi ṣí fóònù fún un. Kí ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́ orúkọ àti ẹ̀ka. Ìbéèrè márùn-ún tó. Ẹ má béèrè pé “Ṣé ó dára kí a yẹ álẹ́ẹ̀tì wò?” torí kò sẹ́ni tó máa ní kò dára. Ẹ béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí lórí káńtà: “Èrò pọ̀. Oníbàárà na fóònù rẹ̀ sí ọ, o rí ‘Transfer successful’, ó ń kánjú, ọkọ̀ rẹ̀ wà lójú títì. Ẹ̀rọ POS wa kò tíì dún. Kí lo máa ṣe?” Kí ìdáhùn mẹ́ta jọ òótọ́. Lábẹ́ èyí tó kùnà, ẹ kọ ìdí: ohun tó wà lójú fóònù oníbàárà, ẹnikẹ́ni lè ṣe é, owó tó wọlé sí àkáǹtì wa nìkan ni owó. Fún ẹni tí ìwé kíkà kò rọ̀ lọ́rùn, kí máníjà béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́nu, kó sì fi orúkọ ẹni náà kún Forms.

Ẹ má parí ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní, Forms lọ́jọ́ kẹta, ìbéèrè méjì míì lọ́jọ́ keje, àwòrán mìíràn láìsọ tẹ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Àìsọ tẹ́lẹ̀ yẹn ló ń fi òótọ́ hàn.

Ìpàdé ojú-kojú lórí fóònù kò pọn dandan lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Lọ́fẹ̀ẹ́, Zoom máa ń já lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú, Google Meet máa ń já lẹ́yìn wákàtí kan bí èèyàn bá tó mẹ́ta. 20 ìṣẹ́jú sì ti tó yín. Ẹ ṣe é ní aago 3:30 ọ̀sán, nígbà tí èrò ọ̀sán ti lọ tí ti alẹ́ kò tíì dé, lórí àkókò iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún. Ẹni tó wà lórí Third Mainland ní aago 9 alẹ́ kò lè kọ́ nǹkan kan. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kó jọ sídìí fóònù kan tàbí kọ̀ǹpútà kan. Bí fóònù méjì bá ṣí máìkì nínú yàrá kan náà, ohùn tó jáde láti ọ̀kan máa wọ máìkì èkejì, ìyẹn ló ń fa híhan tó ń gún etí.

Ní ti TikTok àti Facebook, ẹ má fòfin dè é. Wọ́n ń wò ó lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún yín. Kí òṣìṣẹ́ kan mú fídíò oúnjẹ kan tó rí wá lọ́sẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ka sọ ohun tó dára nínú rẹ̀ àti ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe láéláé ní kíṣìnnì yín. Ojú tí wọ́n á fi máa wo iṣẹ́ ara wọn á mú sí i. Ṣùgbọ́n fídíò tí ẹ yà fún ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ bọ́ sí ìta: ojú oníbàárà àti nọ́ńbà àkáǹtì lè wà lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 sì kan iléeṣẹ́ kékeré náà. Ẹ tún kìlọ̀ nípa nǹkan kan tó wọ́pọ̀. Ẹnìkan á ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ yín pé òun ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kó fi kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé ránṣẹ́ sí òun. Kóòdù WhatsApp rẹ̀ ni; bó bá fi ránṣẹ́, wọ́n ti gba àkáǹtì rẹ̀, wọ́n á sì máa fi orúkọ rẹ̀ yá owó nínú gúrúùpù yín. Ọjọ́ kìíní ni kí gbogbo wọn ti tan “two-step verification”, ìyẹn PIN kejì tí WhatsApp máa béèrè lẹ́yìn kóòdù náà.

Àkọsílẹ̀ kò le. Ẹ ṣí Google Sheets kan: orúkọ lápá òsì, láti òkè dé ìsàlẹ̀, iṣẹ́ lókè. Ẹ má kọ ámì sínú àpótí. Ẹ kọ ọjọ́ tí máníjà fojú ara rẹ̀ rí i pé ó ṣe é dáadáa, àti orúkọ máníjà náà. Ìwé yẹn tún lè lówó nínú. Òfin ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́, mú iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá pé iye kan láti máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún, ẹni tó bá sì ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè béèrè kí wọ́n dá apá kan ohun tó san padà.  Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí ẹ mọ̀ bóyá òfin náà kan ẹni tó ní òṣìṣẹ́ 22, àti ohun tí wọ́n fẹ́ rí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí àkọsílẹ̀ yín lè bá a mu láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìkànnì ìkẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kí ẹ rà máa wúlò bí ẹ̀ka yín bá di mẹ́jọ, mẹ́wàá, tí òṣìṣẹ́ tuntun ń wọlé lóṣooṣù tí kò sẹ́ni tó ráyè jókòó tì wọ́n. Nígbà náà, ẹ kọ́kọ́ yẹ Google Classroom wò, torí ọ̀fẹ́ ni. Moodle náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ máa sanwó ibi tí ẹ gbé e sí àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ó ku ẹnìkan. Kò sí kíṣìnnì tí kò ní ìyá kan tó ti ń se ọbẹ̀ kí WhatsApp tó dé, tí fóònù rẹ̀ kì í ṣe ti fídíò. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo, “a ò ṣe é bẹ́ẹ̀ rí”, máa pa gbogbo ẹ̀kọ́ yín. Òun ni kí ẹ lọ bá kí ẹ tó ya fídíò kìíní. Ẹ ṣàlàyé ti oró inú ìrẹsì yẹn fún un ní ìjókòó, ẹ̀yin méjì péré, kí ẹ gba ìmọ̀ràn rẹ̀ lórí ibi tí kúlà yẹ kó wà, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ lẹ fẹ́ lò. Bí Màmá bá lẹ téèpù mọ́ ìdérí nínú fídíò, àwọn ọmọ yòókù á lẹ̀ ẹ́. Ẹ wá yan ọ̀dọ́ kan tì í tó máa bá a ya àwòrán tirẹ̀ lójoojúmọ́, kí orúkọ Màmá sì wà ní òkè pátápátá nínú Sheets náà.